Ta Ló Mọ Ìsàlẹ̀ Omi Náà? Mungo Park, Odò Ọya àti Àwa Ọmọ Ìsọlọ̀

Níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa, ìbáà jẹ́ nínú BRT, ìbáà jẹ́ nínú dánfó tí kò tíì kúrò ní Òṣòdì nítorí pé ó ṣì ku èrò méjì, ẹ fi íápíìsì yín sétí dáadáa. Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ sọ lónìí.

Fídíò kan ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi í sórí gúrúùpù WhatsApp wa. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà kan ni, bíi mẹ́fà tàbí méje, tí wọ́n pàgọ́ sí etí odò tó ń ṣàn gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Òkúta pupa lọ́tùn-ún, òkúta pupa lósì, kò sí igi kankan. Wọ́n gun orí àpáta gíga, wọ́n sì ń bẹ́ sínú odò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti bẹ́, àwọn yòókù á pariwo. Kíá ni gúrúùpù wa ti gbóná. Ẹnì kan ní ká dá owó jọ, ká wá odò tiwa lọ ní oṣù Kejìlá. Ẹlòmíràn ní ṣé Nàìjíríà ló ti fẹ́ rí aṣálẹ̀ tó ní odò. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ ọmọ Òkè-Afa, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ta ló mọ ìsàlẹ̀ omi náà?"

Gúrúùpù dákẹ́ lọ gbári. Èmi mọ ohun tó mú un béèrè bẹ́ẹ̀, a ó sì padà sórí rẹ̀ kí ètò yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ rán mi létí ìtàn kan tó ti lé ní igba ọdún báyìí: ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ rìnrìn àjò lórí odò tó gba aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n pàgọ́ sí etí rẹ̀, tí èyí tó kù nínú wọn sì bẹ́ sínú omi níkẹyìn. Odò náà kò jìnnà sí wa. Odò Ọya ni.

Odò tó kọ ẹ̀yìn sí òkun

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ odò yìí. Orí òkè kan ní orílẹ̀-èdè Gíní ni orísun rẹ̀ wà, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 240 kìlómítà sí òkun Àtìláńtíìkì. Odò mìíràn ì bá ti sáré bọ́ sínú òkun, kó sinmi. Ọya kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó gba Màlì kọjá, ó dé etí aṣálẹ̀ Sàhárà lẹ́bàá Timbuktu, níbi tí iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú omi. Ibẹ̀ ló ti wá yí padà, tó gba orílẹ̀-èdè Niger wọ Nàìjíríà, títí tó fi dé òkun ní ilẹ̀ àwọn Ìjọ̀. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ 4,180 kìlómítà. Àwọn Bámbárà ń pè é ní Joliba. Àwa Yorùbá ń pè é ní Ọya, orúkọ ìyàwó Ṣàngó tó ti ilẹ̀ Tápà wá.

Bí a sì ti dárúkọ Tápà, ẹ̀yin ará Òṣòdì, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló so orúkọ àdúgbò yín mọ́ Olóyè Òṣòdì Tápà. Ọmọ Tápà ni, kékeré ló sì wà nígbà tó dé Èkó. Ó di ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́, ó bá ọba náà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851, ó padà sílé ní 1862, ó sì kú ní 1868. Etí Odò Ọya sì ni ilẹ̀ àwọn Tápà wà. Nítorí náà, bí kọ́ńdọ́ bá ń pariwo "Òṣòdì, Òṣòdì Òkè!", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ọmọ etí odò yìí ló ń pè látàárọ̀ dalẹ́.

Àwọn tó ń gbé etí odò náà mọ̀ ọ́n, oníkálukú mọ apá tirẹ̀. Apẹja mọ ibi tí òkúta wà. Ọlọ́kọ̀ mọ oṣù tí omi ń kún àti oṣù tí ó ń fà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọn kò ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn sí. Àwọn kan ní odò Náílì ni. Àwọn kan ní inú iyanrìn ló ń gbẹ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ọmọ Scotland kan jáde nílé.

Ìgbà àkọ́kọ́: ẹni tó dá wá, tí wọ́n gbà sílé

Mungo Park ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1771. Oníṣègùn ni. Ní 1795, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 23, ó gúnlẹ̀ sí etí odò Gáńbíà, ó sì kọrí sí ìlà oòrùn. Àwọn tó bá a lọ kò pọ̀ rárá. Àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ mú un, wọ́n há a mọ́ fún oṣù mélòó kan. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹṣin kan àti aṣọ ọrùn rẹ̀. Ní oṣù Keje 1796, ó dé Ségou, ó sì fojú ara rẹ̀ rí Odò Ọya tó ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn.

Ṣùgbọ́n ọba Ségou kò jẹ́ kó wọ ìlú. Ó jókòó sábẹ́ igi kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa á, òjò sì ti ṣú. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ rí i. Kò bi í léèrè bóyá ó lówó lọ́wọ́. Ó gbé gàárì àti ìjánu ẹṣin rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀ nílé, ó yan ẹja fún un, ó tẹ́ ẹní fún un, ó sì ní kó sùn. Park fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1799. Nígbà tó ń padà bọ̀, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Oníṣòwò ẹrú kan tó ń jẹ́ Karfa Taura ló gbà á sílé fún oṣù púpọ̀, tó sì mú un padà dé etí odò Gáńbíà.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí kò ní ìbọn tó tó nǹkan, tí kò ní ọmọ ogun, tí aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ti ya, àwọn ará ìlú ló gbà á là. Wọ́n fi oúnjẹ, ẹní àti ọ̀nà hàn án.

Ìgbà kejì: òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ní 1805, ó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rán an, owó wà, ìbọn wà. Ó mú Alexander Anderson, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, dání. Ó mú George Scott, ọ̀rẹ́ wọn tó mọ àwòrán yà. Wọ́n fi àwọn ọmọ ogun tó wà ní erékùṣù Gorée kún un, Martyn ni orúkọ ọ̀gá wọn. Àwọn káfíńtà tí yóò kan ọkọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo àwọn òyìnbó náà lé ní 40.

Ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n gbéra láti Gáńbíà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní ilẹ̀ wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òjò ti fẹ́ dé. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí kò ní bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ẹlẹ́ẹ̀sẹ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù Karùn-ún, níbi omi kan tí wọ́n pàgọ́ sí, oyin ya bò wọ́n. Ènìyàn sá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sá, iná tí wọ́n fi ń dáná ràn mọ́ igbó, díẹ̀ ló kù kí gbogbo ẹrù wọn jóná. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, òjò dé. Àgọ́ ń jò, ilẹ̀ tutù, ibà mú wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú wọn. Àwọn kan jókòó sí ojú ọ̀nà, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa lọ. Scott kú kó tó fojú kan odò náà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, wọ́n gun òkè kan nítòsí Bamako, wọ́n sì rí Odò Ọya. Nínú àwọn òyìnbó tó lé ní 40, àwọn 11 péré ló kù.

Wọ́n dúró ní Sansanding láti wá ọkọ̀. Àwọn káfíńtà ti kú. Park àti ọmọ ogun kan ló fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ ògbólógbòó méjì pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n pè é ní Joliba. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, kí ọkọ̀ náà tó ṣe tán, Anderson, àna rẹ̀, kú. Nígbà tí wọ́n fi kúrò létí odò ní oṣù Kọkànlá, òyìnbó márùn-ún ló wà nínú ọkọ̀: Park, Martyn àti ọmọ ogun mẹ́ta, tí orí ọ̀kan nínú wọn ti dàrú. Àwọn ẹrú mẹ́ta wà pẹ̀lú wọn, àti afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ Amadi Fatouma.

Ọkọ̀ tí kò yà sí ìlú kankan

Park ti pinnu. Ó fẹ́ tọ odò náà dé òpin rẹ̀, kò sì fẹ́ dúró. Àìsàn ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì bẹ̀rù pé àwọn Lárúbáwá yóò tún mú un. Nítorí náà, ó máa dúró sáàárín omi pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e yẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ìbẹ̀rù náà ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó láti etí odò. Ọ̀nà ọjà ni Odò Ọya. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níwájú ìlú ènìyàn á yà, á kí ọba, á fún un ní ohun tó yẹ, wọ́n á sì fún un ní ẹni tí yóò mú un dé ìlú tó kàn. Ọkọ̀ yìí kò yà. Àwọn ọlọ́kọ̀ tọ̀ ọ́ wá, ó yìnbọn lù wọ́n. Amadi Fatouma sọ pé ìgbà kan wà tí ọgọ́ta ọkọ̀ jáde sí wọn, tí wọ́n sì pa ènìyàn púpọ̀. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ Martyn mú, ó ní kí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró, ẹni tí wọ́n ti pa ti pọ̀ jù. Inú bí Martyn débi pé ó fẹ́ pa á. Park ló là wọ́n.

Báyìí ni wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n kọjá èbúté Timbuktu, títí tí wọ́n fi dé Yauri, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Amadi parí sí. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, Park fún baálẹ̀ kan ní ẹ̀bùn tirẹ̀ àti èyí tó yẹ kó fi jíṣẹ́ fún ọba. Baálẹ̀ náà bi í bóyá yóò tún gba ibẹ̀ padà. Park ní rárá. Ẹni tí kò ní padà wá mọ́, ta ni yóò bá a ṣe ẹjọ́? Baálẹ̀ fi ẹ̀bùn ọba sápò ara rẹ̀, ó lọ sọ fún ọba pé àwọn òyìnbó kọjá láì kí i.

Nígbà tí ọkọ̀ náà fi dé Bussa, àwọn ọmọ ogun ti ń dúró lórí àpáta. Ìtàn mìíràn tún wà tí àwọn arìnrìn àjò gbọ́ ní Bussa lẹ́yìn ìgbà náà: 1804 ni ogun jìhádì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn Fúlàní ló ń bọ̀ láti gba ìlú àwọn. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: ọkọ̀ tó ní ìbọn, tí kò kí ẹnikẹ́ni, kò ní ọ̀rẹ́ kankan létí omi.

Àpáta ló dí odò ní Bussa, ojú ihò tóóró kan ló sì kù tí omi ń gbà kọjá. Ọ̀kọ̀, ọfà àti òkúta ń já bọ́ lé wọn lórí. Wọ́n kó ẹrù sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kò kọjá. Níkẹyìn, Park di ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó yòókù mú, àwọn méjèèjì sì bẹ́ sínú odò. Martyn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gbé gbogbo wọn lọ. 1806 ni.

Ẹrú kan ló kù nínú ọkọ̀. Òun ló sọ ohun tó rí fún Amadi, Amadi sọ ọ́ fún Isaaco, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán lọ wádìí ní 1810. Gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa bíbẹ́ náà, láti ẹnu ẹrú yẹn ló ti wá, ìròyìn náà kò sì dárúkọ rẹ̀.

Àwọn tó jókòó béèrè

Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard Lander àti John Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa níbí, ní oṣù Kẹta 1830. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dé Bussa ní oṣù Kẹfà. Kí ni wọ́n ṣe níbi tí Park kú sí? Wọ́n jókòó. Wọ́n kí ọba, wọ́n fún un lẹ́bùn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún ọkọ̀. Ó sú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró di oṣù Kẹsàn-án. Àwọn atukọ̀ tó mọ odò ni wọ́n bá lọ.

Kì í ṣe pé ọ̀nà dán fún wọn. Wọ́n mú wọn nísàlẹ̀ odò, wọ́n jà wọ́n lólè, wọ́n tà wọ́n láti ọwọ́ ọba kan sí ọwọ́ èkejì. Síbẹ̀, kí 1830 tó parí, wọ́n ti dé etí òkun. Èrò ayé wá mọ ibi tí Odò Ọya ń já sí. Richard Lander kì í ṣe ọ̀mọ̀wé bíi Park, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ohun tó mọ̀ ju Park lọ kò ju pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, onílé ló ń ríran fún un.

Lónìí, ẹ kò lè rí ibi tí Park bẹ́ sí mọ́. Nígbà tí wọ́n sé odò láti ṣe dáàmù Kainji tó ń fún wa níná, tó parí ní 1968, omi bo Bussa àtijọ́. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí New Bussa. Àpáta náà wà nísàlẹ̀ adágún.

Òkè-Afa

Mo ṣèlérí pé a ó padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa tó béèrè ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìsọlọ̀ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, 2002. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè ológun Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Fèrèsé fọ́ ní àwọn àdúgbò tó jìnnà. Kò sẹ́ni tó sọ fún ará ìlú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ti dé. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sá. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n dé Òkè-Afa, níbi kànáàlì tó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko ti bo ojú omi, ó sì dà bíi pápá nínú òkùnkùn. Àwọn tó wà níwájú wọ inú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá omi lọ, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí Red Cross ka òkú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà, iye wọn kò dín ní 1,000. Ọwọ̀n ìrántí wọn wà ní Òkè-Afa títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi àwọn wọ̀nyí wé Park. Wọn kò gbé ìbọn, wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì wá ìgbádùn lọ. Ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn wọn. Ohun kan péré ni ìtàn méjèèjì fi jọra: ẹni tó mọ omi náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ní Bussa, ìbọn ló lé onímọ̀ di ọ̀tá. Ní Òkè-Afa, òkùnkùn ni, àti ìdákẹ́ àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ará àdúgbò tó mọ̀ pé omi ló wà lábẹ́ ewé wọ̀nyẹn pọ̀. Láàárín ariwo bọ́ǹbù, ta ni ì bá gbọ́ ohùn wọn?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ wa fi béèrè. Ní ilé tirẹ̀, wọn kì í bẹ́ sómi láì béèrè.

Àwa ṣì máa lọ ní oṣù Kejìlá o. Owó ti ń wọlé, ẹnì kan ti yá àgọ́. Ṣùgbọ́n a ti fẹnu kò sórí òfin kan: ibi yòówù tí a bá dé, kí á tó bọ́ bàtà, a ó wá apẹja tàbí ọlọ́kọ̀ kan, a ó kí i dáadáa, a ó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì bi í léèrè ibi tí òkúta wà. Bí ó bá ní ká má wọ̀ ọ́, etí odò la ó jókòó sí, a ó dáná, a ó jẹ ẹja wa.

Bí ẹ bá ní ẹni tó wà ní Òkè-Afa lálẹ́ ọjọ́ náà nínú ẹbí yín, ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó má baà dà bí ẹrú tó kù nínú ọkọ̀ Park.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rọra o.